Ìròyìn Tí A Kì Í Fi Ránṣẹ́ sí Ojú Ogun

Bí ọwọ́ rẹ bá kan kókó nínú ọmú rẹ lónìí, tí kò sì dùn ọ́, ìwọ gan-an ni mo jókòó kọ èyí fún. Má sọ pé kì í ṣe ìwọ, pé kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé yín. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ràmọ́ta náà sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti lọ. Èmi ni mo kù tí mo lè rò ó, mo sì fẹ́ rò ó bó ṣe rí, torí lójú tèmi, dídákẹ́ ló pa obìnrin yẹn ju àìsàn lọ.

Ìyá Déọlá ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa ní Ọgbà. Ọkọ mi ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ sójà. Sájẹ́ǹtì ló jẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìlúpéjú ló ń ṣọ́ báyìí. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Oregun, nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Ìdúró ni iṣẹ́ ibẹ̀: bisikíìtì á máa bọ̀, àwa á máa tò ó sínú páálí. Nítorí náà, nígbà tí àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, kò yà mí lẹ́nu. Ta ni kì í rẹ̀ ní Oregun?

Mò ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n lè bá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ ni kàìnkàìn mi kọjá lábẹ́ ọmú òsì, tó pàdé nǹkan kan níbẹ̀. Kò tóbi, ó kàn le koko bí èkùrọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí. Mo ró ìró, mo pe ọkọ mi.

"Bàbá Déọlá, ẹ fọwọ́ kàn mí níbí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Láàárọ̀ kùtù yìí? Ṣé o ò níṣẹ́ ṣe lónìí ni?"

"Mi ò ṣàwàdà o. Kókó ni."

Òun náà tẹ̀ ẹ́. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá."

"Ehn, kí ló wá dé tó o fi ń ṣojo? Ohun tí ò dunni, kí ló fẹ́ fini ṣe?"

Sójà ni, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn nìkan ló ka ọgbẹ́ sí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni nǹkan yìí fi jókòó sínú ara mi tí kò dùn mí rárá, tó kàn ń tóbi díẹ̀díẹ̀. Àìsàn tó ń dunni máa ń lé èèyàn lọ sí ọsibítù. Èyí tí kò dunni, ẹsẹ̀ ara ẹni lèèyàn á fi gbé ara ẹ̀ lọ.

Kí n tó lọ, ìyá ọkọ mi dé láti Ìjẹ̀bú. Ìyá yẹn fẹ́ràn mi, àmọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ku díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Omi ọmú ló dì. Èyí tí Déọlá ò mu tán ni." Déọlá tí mo ń wí yìí ti wọ yunifásítì nígbà yẹn! Wọ́n lọ ewé mọ́ òrí, wọ́n yá a lórí iná, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà títí ara ibẹ̀ fi bó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń wọ aṣọ funfun, wọ́n fún mi lómi àdúrà, wọ́n tan àbẹ́là yí mi ká. N kò ní fi ìjọ mi ṣe yẹ̀yẹ́, torí àdúrà wọn gbé mi ró nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí Ọlọ́run sọ pé bí mo bá ti gbàdúrà, n kò gbọdọ̀ lọ rí dókítà. Àwa la sọ ọ́ fúnra wa.

Ìgbà tí awọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí èèpo ọsàn, tí orí ọmú sì ń wọnú lọ, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo mú káàdì ìtọ́jú wa tí nọ́ńbà iṣẹ́ ọkọ mi wà lára ẹ̀, mo gba ilé ìwòsàn àwọn ológun lọ.

Ìdílé sójà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú, yálà ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ó ti fẹ̀yìntì. N kò ní sọ ilé ìwòsàn tó jẹ́, torí àwọn nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ṣèyá fún mi, àti pé kì í ṣe orúkọ ni mo wá pè. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ló wà níwájú yàrá dókítà. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ ló ti máa ń kún. Orúkọ àti ipò ọkọ ni wọ́n fi ń pe oníkálukú wa: ìyàwó Sájẹ́ǹtì lágbájá, ìyàwó Kọ́púrà tàmẹ̀dù. Àwọn ìyàwó ọ̀gá sójà ń gba ilẹ̀kùn míì wọlé. N kò bá wọn jà. Ìgbà tó yá, mo rí i pé jẹjẹrẹ ò wo ilẹ̀kùn téèyàn gbà wọlé.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti pàdé Ìyá Ràmọ́ta. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, obìnrin kúkurú tí ojú ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ń ránṣọ ní Agége, ọkọ ẹ̀ sì wà lójú ogun ní Bọ̀rnó. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń ṣe mí, ó fọwọ́ kan àyà ara ẹ̀ lábẹ́ híjáàbù. "Òsì ni tìẹ, ọ̀tún ni tèmi," ló wí. "Bí a bá dì mọ́ra, wọ́n á kíra wọn." A rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì ní ká rọra. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú àwa méjèèjì á bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kó fi gbàyè fún ẹnì kejì. Bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé ni tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé e kúrò.

Dókítà ní kí àwa méjèèjì lọ ya àwòrán ọmú kí wọ́n tó lè mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. A débẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, wọ́n ní ẹni tó ń tún un ṣe ò tíì rí èyí tó máa fi pààrọ̀ èyí tó jóná nínú ẹ̀. Ká padà wá. A padà títí, mẹ́kùnnù kì í kúkú ṣàárẹ̀ ìpadàwá.

Fóònù ẹ̀ dún níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkọ ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ dúró lábẹ́ igi, ohùn ẹ̀ sì yí padà bí ohùn ẹni tó wà níbi ayẹyẹ.

"Bàbá Ràmọ́ta, ẹ kú ewu ibẹ̀ o. Dáadáa ni wá. Èmi kẹ̀? Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń ránṣọ. Ẹ má ronú wa o."

Nígbà tó padà, mo ní, "Ìgbà wo ni ọsibítù di ṣọ́ọ̀bù?"

"Ìyá Déọlá, ṣé o ò gbé bárékè rí ni? Ta ló ń fi ìròyìn burúkú ránṣẹ́ sójú ogun? Bí ọkàn ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ mi, ojú ẹ̀ ò ní sí lára àwọn tó fẹ́ pa á."

Òótọ́ ni. Bí àwa ìyàwó sójà ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri fún wa. Ọmọ lè wà lórí àìsàn, ìjì lè ti ṣí òrùlé lọ, bí ìpè bá ti lè jẹ́ láti ojú ogun, dáadáa ni wá. Èmi fúnra mi bí òkú ọmọ nígbà kan tí ọkọ mi wà níbẹ̀. Ìgbà tó wọlé dé tán ló tó gbọ́. Wọ́n máa ń yin obìnrin tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní bárékè. Wọ́n á ní ìyàwó sójà gidi ni.

Ọ̀sẹ̀ kan báyìí, omidan kan dé ibi bẹ́ǹṣì wa, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ọmọ tó mọ̀wàhù ni.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ní ká wá bi àwọn ìdílé sójà bí wọ́n ṣe ń rí ìtọ́jú gbà. Ṣé ẹ tètè ń rí dókítà? Ṣé ìtọ́jú yín tẹ́ yín lọ́rùn gan-an, àbí díẹ̀, àbí kò tẹ́ yín lọ́rùn rárá? Ẹ má worry, mi ò ní kọ orúkọ yín."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni mo wí.

"Nọ́ńbà káàdì yín nìkan ni mo máa gbà, mà."

Àwọn obìnrin fọwọ́ bo káàdì wọn. Nọ́ńbà káàdì wo ni wọn ò ní fi mọ ọkọ ẹni? Àmọ́ èmi ti ń bínú láti ilé. Mo ní, "Fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán—" Ìyá Ràmọ́ta fà mí ní ìró. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí:

"Ọkọ tìẹ ti wálé. Tiwa ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún ọ̀gá àwọn ọkọ wa pé ìyàwó wọn ń ráhùn, ta ló máa jìyà ẹ̀? Jọ̀ọ́."

Mo wo àwọn obìnrin yòókù. Ojú kan náà ni gbogbo wọn fi ń wò mí. Mo pa ẹnu mi dé nítorí wọn. Ìyá Ràmọ́ta bá fi ẹ̀rín pe omidan náà. "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ó tẹ́ wa lọ́rùn gan-an. Ọlọ́run á bá wa ti ìjọba lẹ́yìn." Ọmọ náà tẹ ohun tó tẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní kó tẹ èyí tó bá wù ú.

Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa ní Oregun ló gbà mí là. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ iṣẹ́ mi lápá àyà, ó tì mí mọ́ yàrá, ó wò mí. Kò tilẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. "Mà, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba lọ́la. Ẹ má dúró de ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni mọ́." Ọkọ mi ta ilẹ̀ tí a rà sí Ṣàngó, níbi tí a fẹ́ kọ́ ilé ọjọ́ ogbó sí. Mo mọ ohun tí ilẹ̀ yẹn jẹ́ fún un. Ó kó owó náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni. Nígbà tí a jáde, ọkọ mi dì mọ́ irin géètì ọsibítù, ó ń sunkún bí ọmọdé. Èmi ò sunkún. Ẹ̀rù ti gba gbogbo àyè tó yẹ kí ẹkún wà.

Mo lọ sí Agége lọ bẹ Ìyá Ràmọ́ta. "Jẹ́ ká jọ lọ. Ta ọ̀kan nínú maṣíìnì ìránṣọ ẹ."

"Bàbá Ràmọ́ta á béèrè ohun tí mo fi maṣíìnì ṣe. Wọ́n ní wọ́n máa tó tún ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe. Àti pé kò ní pẹ́ dé mọ́. Tó bá ti dé, màá sọ fún un lójúkojú."

"Tó bá wá pẹ́ ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí aṣọ tó wà níwájú ẹ̀. N kò lè fi tipá gbé e.

Wọ́n gé ọmú mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wo dígí, mo yíjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tí wọ́n ń fà síni lára nínú díríìpù. Irun mi re tán. Omi lásán, mo bá mu ún, mo bì í. Ta ló ń wá tọ́jú mi? Ìyá Ràmọ́ta tí kókó wà láyà òun náà ni. Òun ló ń po ògì fún mi. Òun ló fi òwú àti aṣọ rán ọmú kan fún mi, tí mo lè kì bọ kọ́ḿú. Ó wọ̀n ọ́n mọ́ ọ̀tún mi kó má bàa tóbi jù ú lọ. "Èyí ò ní ṣàìsàn," ló wí. Mo bú sẹ́kún lọ́jọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí mo ti gbọ́ orúkọ àìsàn mi.

Bí ara mi ti ń yá ni tiẹ̀ ń burú. Ọmú ẹ̀ ya, ó ń rùn. Ó ń fi túràrí bò ó, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ òórùn náà. Nígbà tí wọ́n wá tún ẹ̀rọ ṣe, tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀dọ̀ mi ló wá sùn sí nígbẹ̀yìn, torí ọmọ ẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì fẹ́ kí ó rí òun bẹ́ẹ̀. Ó wà lórí ẹní ní pálọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń mí gúlegúle, ni fóònù dún. Ó ní kí n gbé òun jókòó. Ó mu omi, ó tún ohùn ẹ̀ ṣe.

"Bàbá Ràmọ́ta! Dáadáa ni wá o."

Ó ṣe mí bí i kí n já fóònù yẹn gbà. Ó wò mí, ó mi orí. Mo jókòó síbi tí mo wà. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ẹ̀ tó kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Àwọn ọ̀gá ọkọ ẹ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ títí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó máa gbé e bọ̀ wálé.

Ó wá kí mi. Ọkùnrin gíga ni, ó ti gbẹ, oòrùn ti jó o. Kò fẹ́ jókòó. Ó ń wo ẹní tó wà ní kọ̀rọ̀.

"Ìyá Déọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí. Ṣé ó jẹ̀rora?"

Rárá ló ti wà lẹ́nu mi. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Àmọ́ mo wo ojú ẹ̀, mo ní, "Ó jẹ̀rora, Bàbá Ràmọ́ta. Ó pẹ́ tó fi jẹ ẹ́."

Ìgbà yẹn ló tó jókòó.

"Àwọn kan pè wá lórí fóònù lọ́hùn-ún," ló wí. "Wọ́n ń bi gbogbo wa léèrè bóyá ìtọ́jú tí ìdílé wa ń rí gbà nílé tẹ́ wa lọ́rùn. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ó ní dáadáa ni àwọn wà." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Níbo ló wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹní.

Ẹkún ọkùnrin yẹn, n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bó ṣe ń sunkún ló ń sọ pé, "Ǹ bá ti fara dà á. Ìbọn la fi ń jà lójoojúmọ́. Ta ló sọ fún wọn pé a ò lè fara dà á?"

Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti gé ọmú mi. Apá òsì mi máa ń wú, n kò lè gbé páálí mọ́, torí náà ilé iṣẹ́ fi mí sídìí ibi tí wọ́n ti ń lẹ orúkọ mọ́ ọn, mò ń jókòó ṣe é. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan lára mi báyìí. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́lé, mi ò ní parọ́. Ọmú tí Ìyá Ràmọ́ta rán ni mo ṣì ń lò. Mo ti pààrọ̀ òwú inú ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un rán.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé ìwòsàn àwọn ológun. Bàbá Ràmọ́ta sìn mí lọ. Ìsinmi ló wá lò, ó sì wọ aṣọ sójà ẹ̀. Ẹ wo omidan tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn tó tún dé! Kò dá mi mọ̀. Ó kí wa, ó béèrè bóyá ìtọ́jú wa tẹ́ wa lọ́rùn. Bí àwọn obìnrin ṣe ń múra àtisọ pé àwọn dúpẹ́ ni ọkùnrin náà dìde.

"Kọ nọ́ńbà káàdì mi. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyàwó mi dúró de ẹ̀rọ yín títí ó fi kú, ó sì ń sọ fún èmi àti ìwọ pé dáadáa lòun wà." Ó wá yíjú sí bẹ́ǹṣì. "Ẹ̀yin ìyàwó wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ máa sọ fún wa. A lè fara dà á."

Omidan náà ò tẹ nǹkan kan, ó kàn dúró. Ibẹ̀ la wà tí fóònù ìyàwó sójà kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí fi dún lórí bẹ́ǹṣì. Ó wo nọ́ńbà, ọkọ ẹ̀ tó wà lójú ogun ni, ó dìde kó lọ sábẹ́ igi, ó tún padà jókòó sáàárín wa.

"Ẹ ǹ lẹ́ o, Dádì. Dáadáa ni—" Ó wo ọkùnrin tó wọ aṣọ sójà yẹn. "Rárá, ẹ dúró ná. Ara mi ò yá."